Ọwọ́ Tó Mú Ìjánu: Àyẹ̀wò Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Central Park ní New York

Nígbà tí màámi wá kí wa ní New York ní oṣù Kẹwàá, tí a ti wo ilé gogoro títí ọrùn fi ń dùn wọ́n, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹnu ara wọn bèèrè pé kí n mú àwọn lọ wò, ìyẹn àwọn ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá Central Park, tí wọ́n ti rí fìrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí a kọjá níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, n kò sì gun kẹ̀kẹ́ náà rí, nítorí pé mo kà á mọ́ àwọn nǹkan tí àlejò fi ń náwó nù. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan ni a lọ, èmi, màámi àti ọmọbìnrin mi, a sì sanwó ìrìn 40 ìṣẹ́jú. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ẹwà ọgbà náà, èyí tí gbogbo ayé ti yìn tó. Bí ènìyàn àti ẹṣin ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láàárín ìlú tí fèrè ọkọ̀ kì í dákẹ́ ni mo fẹ́ wọ̀n, torí pé òun gan-an ni ọjà tí àwọn awakẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń rà á kò mọ̀.

Etí ọgbà náà níhà gúúsù, lójú Central Park South, ni ẹ ó ti rí wọn. Títí di ọdún 2019, orí títì gan-an ni wọ́n ti ń dúró de oníbàárà, tí bọ́ọ̀sì àti takisí ń tu èéfín sí ẹṣin nímú; ọdún yẹn ni ìjọba ìlú kó ibùdó wọn wọ inú ọgbà, sítòsí àwọn ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí Fifth Avenue, Sixth Avenue àti Seventh Avenue. Kẹ̀kẹ́ tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ kò ju 68 lọ, àwọn ẹṣin tó ń pín iṣẹ́ náà ṣe láàárín ara wọn sì tó nǹkan bí 200, èyí tó túmọ̀ sí pé bí kẹ̀kẹ́ kan bá ń jáde lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹṣin kan náà ló ń fà á.

Owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ná bíi ti ọjà Oyíngbò. Ìjọba ìlú ló ń fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i. Ní ọdún 2010, dọ́là 50 ni wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ sí, pẹ̀lú dọ́là 20 lórí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó bá tẹ̀ lé e, ó sì ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sọ́wọ́ alágbàtà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye tó ń bèèrè súnmọ́ ìlọ́po méjì ohun tí a san níkẹyìn, tí kò sì ní jẹ́ kí a fi ojú ara wa yan ẹṣin. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni màámi fi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè sanwó ẹṣin tí àwọn kò tíì rí etí rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni màámi, arákùnrin bàbá wọn sì wà lára àwọn tó máa ń bójú tó ẹṣin fún ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin níwájú Awùjalẹ̀ nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá. Gbogbo wa ló mọ àwọn tó ń gun ẹṣin lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú dàńṣíkí àti fìlà wọn, pẹ̀lú ìpàkọ́ tí wọ́n ń jù, tí òwe tilẹ̀ sọ pé bí ẹni tó gun ẹṣin kò bá ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn yóò jù ú. Ẹni tí màámi mọ̀ ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, tó di okùn rẹ̀ mú nígbà tí ìbọn bá ń dún, tí kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, oyè ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ńlá ni Olókùn-Ẹṣin láàfin. Ẹṣin kò rọrùn láti sìn nílẹ̀ wa, pàápàá lápá igbó, níbi tí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ti ń pa á, tó fi jẹ́ pé láti òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra àwọn ẹṣin tó fi ń jagun. Ohun tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń so mọ́ ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè màámi àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé: "Ọkọ mi, kí ló dé tí wọ́n fi sọ ẹṣin di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

Wọ́n rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀ kí wọ́n tó yan, ó sì gbà wá tó ìdajì wákàtí. Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ mi fẹ́ ni èyí tó funfun, tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí ìyẹ́ pupa dúró ṣánṣán lórí ẹṣin rẹ̀. Màámi wò ó títí, wọ́n ní rárá. Nígbà tí mo bèèrè ìdí, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹṣin náà yí orí sí awakẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń tẹ fóònù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Ẹṣin yẹn ń pe ènìyàn, ènìyàn ò dá a lóhùn." Èyí tí wọ́n yàn jẹ́ ẹṣin eléérú, ó fẹ̀ láyà, pátákò rẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ń fà kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan ju ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti ń ṣí. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sinmi, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀, etí rẹ̀ kan sì kọjú sí ọkùnrin tó ń fi aṣọ nu igun ẹnu rẹ̀ níbi tí irin ìjánu ti ń kàn án. Màámi tẹ̀ síwájú, wọ́n wo abẹ́ àjàgà tó wà lọ́rùn rẹ̀ bóyá irun ti bó níbẹ̀ tàbí egbò wà. Kò sí. Ọkùnrin náà rí ohun tí wọ́n ń ṣe, kò bínú. Ó gbé àjàgà náà sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a ti rí ẹni tí a ó bá lọ.

Ireland ni ọkùnrin náà ní wọ́n ti bí òun, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ní New York láti ìran dé ìran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakẹ̀kẹ́ tó wá láti Turkey, Mexico àti Brazil ti wà lára wọn báyìí. Kì í ṣe òun ló ni ẹṣin, ọ̀gá rẹ̀ ló ni ín, ṣùgbọ́n ọdún kẹfà nìyí tí àwọn méjèèjì ti ń jáde pọ̀. Láti oko àwọn Amish, àwọn onígbàgbọ́ kan tó ṣì ń fi ẹṣin dáko, ní Pennsylvania ni ẹṣin náà ti wá, níbi tó ti ń fa ohun ìtúlẹ̀ kó tó wọ ìlú. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹṣin Central Park gbà dé nìyẹn, àmọ́ n kò rò ó rí pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹṣin náà ti mọ iṣẹ́ kó tó mọ ìlú, àti pé ìlú ni awakẹ̀kẹ́ níláti kọ́ ọ.

Bí a ṣe gbéra ni mo rí ohun tí owó wa ń ṣe. Ọkùnrin náà kò fi pàṣán kan ẹṣin. Ó gbé okùn ìjánu méjèèjì sọ́wọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ju bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ létí, ẹṣin náà sì fi àyà ti àjàgà, kẹ̀kẹ́ yí. Ó ṣàlàyé fún wa pé ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù ni ìgbéra yẹn, pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí lórí ilẹ̀ títẹ́, ẹrù náà ti fúyẹ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹṣin. Màámi tí wọ́n mọ ẹṣin tí ènìyàn ń jókòó lé lẹ́yìn ronú lórí èyí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dà bíi ká ti ọmọlanke tàbí ká rùú lórí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀, awọ kan wà tó yí ìdí ẹṣin ká tó fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró kó má baà yí gbá a, awakẹ̀kẹ́ sì fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láti ràn án lọ́wọ́. Ó ń dárúkọ ẹṣin náà kó tó tẹ bíréèkì, nígbà gbogbo, kí ẹranko náà lè mọ̀ pé ẹrù fẹ́ yí padà.

Ọkọ̀ panápaná kan ló fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. A ń bọ̀ lápá ibi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín, ni fèrè rẹ̀ bá ké láti títì, tó dún bí ẹni pé ó fẹ́ wọ inú ọgbà. Ọmọ mi dì mọ́ mi. Etí ẹṣin náà méjèèjì ṣí kọjú síwájú, ọrùn rẹ̀ le, ìrìn rẹ̀ kúrú. Mo retí pé kí awakẹ̀kẹ́ fa ìjánu mọ́ra, torí ohun tí èmi yóò ṣe nìyẹn. Ó tú u díẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà tó ti ń lò láti àárọ̀, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láàárín ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin, etí kan ti padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bí òun bá fa ìjánu nígbà tí ẹ̀rù ń ba ẹṣin, ohun tí òun ń sọ fún un ni pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Awọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹṣin náà tí kì í jẹ́ kó rí ẹ̀yìn. Ohun tí kò lè rí, awakẹ̀kẹ́ ló ń bá a rí i, etí ẹṣin sì ń sọ fún awakẹ̀kẹ́ ohun tí òun kò tíì gbọ́. Màámi kò dúró kí n túmọ̀ èyí. Wọ́n ti ń mi orí kí n tó yanu.

A dúró ní Cherry Hill, níbi tí ìsun omi kan wà tí àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ láìmọ̀ pé ẹṣin ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní ọdún 1858 ni Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux fi àwòrán ọgbà náà borí nínú ìdíje, wọ́n sì ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹṣin sọ́tọ̀, wọ́n ya ti àwọn tó ń gun ẹṣin sọ́tọ̀, wọ́n ya ti ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ri àwọn títì tó gba àárín ọgbà kọjá sínú ilẹ̀ kí ẹrù ìlú má baà dí ìgbádùn lọ́wọ́. Ẹni tó bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ni ọ̀nà náà bá lára mu jù lọ. Bó ṣe ń ṣẹ́rí, bí igi ṣe ń ṣí sílẹ̀ lójijì tí omi ń yọjú, ìṣísẹ̀ ẹṣin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ti rìn níbẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo ti gun básíkù níbẹ̀, n kò rí èyí rí. Lórí èyí nìkan, mo gbà pé owó náà kò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ tí awakẹ̀kẹ́ ń sọ fún àlejò kò wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí wọ́n yà síhìn-ín, òṣèré tó ń gbé inú ilé tó wà lọ́hùn-ún, afárá tí ẹni kan ti bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá yóò fẹ́ òun: ó ń sọ wọ́n bí ẹni tó ń ka ìwé ìdánwò. Nígbà tí màámi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí ẹṣin ń jẹ ni ohùn rẹ̀ tó jí. Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ sọ fún awakẹ̀kẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò nílò ìtàn àwọn òṣèré, kí ẹ sì bèèrè ìbéèrè nípa ẹṣin. Ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sọ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè màámi kan ló ṣílẹ̀kùn ohun tí n kò retí. Wọ́n ní kí n bi í pé ta ló ń fún ẹṣin lóúnjẹ láàárọ̀. Ó ní kì í ṣe òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹṣin ni, àwọn tó ń sùn tì wọ́n, tó ń kó ìgbẹ́, tó ń da koríko gbígbẹ sílẹ̀, tó ń pọn omi, tó sì ń mọ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn pé inú ń run ẹṣin kan nítorí pé kò jẹun tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni alágbẹ̀dẹ tó ń pààrọ̀ irin pátákò, nítorí títì olódà ń jẹ irin, ó sì ń yọ̀, irin tí wọ́n ń lò fún ìlú sì níláti ní ohun tó ń dì mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìjókòó gíga tó dé fìlà, òun nìkan ni oníbàárà ń rí. Ó ní bí a bá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun yóò mú wa wọ ibẹ̀.

A lọ. Lápá ìwọ̀-oòrùn Manhattan ni àwọn ilé ẹṣin wọ̀nyí wà, láàárín ibi ìtọ́jú takisí àti ilé ìkẹ́rù, ilé bíríkì tí ẹ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ogún tí ẹ kò ní mọ̀ àyàfi bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síyín. Kẹ̀kẹ́ ló wà nísàlẹ̀, àwọn ẹṣin ń gbé lókè. Màámi dúró sídìí ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ tí ẹṣin ń gbà gòkè, wọ́n ń wo bí ẹran tó tó ìwọ̀n yẹn ṣe ń gun òkè ilé lọ bí ayálégbé tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n ní kí n yà á sí fídíò torí kò sẹ́ni tó máa gba àwọn gbọ́ nílé. Òfin ìlú sọ pé ibi tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń dúró sí gbọ́dọ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 ó kéré tán, kí ẹṣin lè yí padà kó sì lè dùbúlẹ̀. Ó tó fún ìyẹn lóòótọ́. Kò tó fún ohun mìíràn. Kò sí pápá, kò sí ilẹ̀ tí ẹṣin lè ti yí gbirigbiri, kò sí ibi tí ẹṣin méjì ti lè dúró kí wọ́n máa họ ara wọn lọ́rùn bí ẹṣin ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe. Ọ̀sẹ̀ 5 lọ́dún ni òfin pa láṣẹ pé kí wọ́n fi rán wọn lọ sí oko, ọkùnrin náà sì sọ pé ẹṣin òun máa ń mọ ọkọ̀ tó ń wá gbé e, pé kì í dúró kí a fà á. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ 47 ló kù nínú ọdún.

Òfin tó yí iṣẹ́ yìí ká pọ̀, mo sì gbóríyìn fún ìlú náà lórí rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ẹṣin kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 9 lọ nínú wákàtí 24. Kò gbọ́dọ̀ jáde bí ooru bá ti dé 90 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, tó jẹ́ nǹkan bí 32 lórí ti Celsius, tàbí bí òtútù bá ti já wálẹ̀ sí 18 lórí Fahrenheit kan náà; láti ọdún 2019, wọ́n ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, torí ooru tó lọ́rinrin ló ń pa ẹṣin. Ọjọ́ orí tí wọ́n fi lè wọ iṣẹ́ wà, èyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kúrò wà, dókítà ẹranko sì níláti yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè. Ìlú yìí kan náà ni Henry Bergh ti dá ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko, ASPCA, sílẹ̀ ní ọdún 1866, nígbà tí ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ èrò àti ẹrù ń ṣubú lójú títì lójoojúmọ́ tí àwọn tó ni wọ́n sì ń nà wọ́n kí wọ́n dìde. Ìgbà tí ẹṣin pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ìlú nìyẹn. Igba péré ló kù láti fi ojú tó.

Síbẹ̀, òfin kò ní ọwọ́ tí yóò fi di ìjánu mú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Ryder dojú bolẹ̀ ní Ninth Avenue, ẹni tó ń wà á sì ń fa ìjánu rẹ̀ pé kó dìde, kí àwọn ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi lé e lórí; gbogbo ayé ló rí fídíò náà. Ìwé sọ pé ọmọ ọdún 13 ni, eyín ẹnu rẹ̀ sì fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Kò lo ọdún náà tán kó tó kú. Ìgbìmọ̀ adájọ́ dá awakẹ̀kẹ́ náà láre ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹṣin mìíràn tó ń jẹ́ Lady ṣubú, ó sì kú lójú títì nígbà tó ń padà sí ilé ẹṣin. Lẹ́yìn èyí ni Central Park Conservancy, àwọn tó ń tọ́jú ọgbà náà, sọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kí iṣẹ́ náà dópin, olórí ìlú nígbà náà, Eric Adams, sì fara mọ́ ọn. Àbádòfin tí wọ́n fi orúkọ Ryder pè kò rí ìbò tó nínú ìgbìmọ̀ kékeré àwọn aṣòfin ìlú ní oṣù Kọkànlá. Bill de Blasio, tó jẹ́ olórí ìlú ṣáájú Adams, náà ti ṣèlérí ṣáájú ìyẹn pé òun yóò fòpin sí i, ọ̀rọ̀ náà sì wó mọ́ ọn lórí ní ọdún 2016 nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn awakẹ̀kẹ́ yọwọ́. Montreal àti Chicago ti fòfin dè é ní tiwọn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti iṣẹ́ pa, àwọn tó ń pariwo kò ní wá bèèrè ibi tí ẹṣin 200 wọlé sí, pé ẹṣin tí kò níṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kì í pẹ́ dé ọjà títa, ẹni tó bá sì rà á lè má rà á fún kẹ̀kẹ́. Mo gbà pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Mo tún gbà pé Ryder àti Lady kò ṣubú nínú ọgbà. Ojú títì tó wà láàárín ọgbà àti ilé ẹṣin ni àwọn méjèèjì ṣubú sí, láàárín ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ sì ni ohun tí mo rí nínú ìrìn wa ti ń já. Gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín etí ẹṣin yẹn àti ohùn ọkùnrin yẹn, lójú ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ẹṣin ni mo ti rí i. Ní wákàtí tí iṣẹ́ ń parí, tó ti rẹ ènìyàn tó ti rẹ ẹṣin, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wọ́n ń mú un wọ̀. Bí ìlú bá lè kọ́ ilé ẹṣin sínú ọgbà náà, pẹ̀lú ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ti lè tú ìjánu sílẹ̀, mo rò pé ìdajì àríyànjiyàn yìí yóò parí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti dá a lábàá rí, kò sì débì kankan. Ọkọ̀ oníná tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wọn, tí wọ́n ti gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, mo ti rí àwòrán rẹ̀. Ó rẹwà, n kò sì rí ohun tí màámi yóò bá a sọ.

Àwọn àléébù kéékèèké wà. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ wa ti jìn níbi kan, aṣọ ìbora tí wọ́n fún wa ń rùn díẹ̀, àwọn tó ń ta ìrìn kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta sì ń dí ènìyàn lọ́nà láti ẹnu ọ̀nà ọgbà wá, wọ́n ń parọ́ pé ẹṣin kò ṣiṣẹ́ lónìí. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí kò gbóná tí kò tutù, ni kí ẹ lọ. Ẹ má lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nígbà Kérésìmesì, tí ìlà gùn, tí ẹṣin àti ènìyàn ń kánjú, nítorí ohun tí ẹ sanwó fún kò ní sí níbẹ̀. Ẹ wo àwọn méjèèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gòkè. Ẹ má fi ọwọ́ kan ẹṣin láìbèèrè, ẹ má sì fún un lóúnjẹ láti inú àpò yín.

Ní ti owó ọwọ́, nǹkan bí ìdá márùn-ún iye ìrìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi kún un, èmi náà sì fi kún un bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màámi kò fara mọ́ bí mo ṣe ṣe é. Nígbà tí a fẹ́ kúrò ní ilé ẹṣin lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n mú owó jáde, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n ní kí n sọ fún ọkùnrin náà pé ọ̀kan ni tirẹ̀, èkejì ni ti ẹni tó ń kó ìgbẹ́ lóru, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa kó má baà kó méjèèjì sápò kan. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀kan sápò àyà, ó di èkejì mọ́wọ́, ó sì kọjú sí ọ̀nà òkè, ó ń pe ẹnì kan lórúkọ.